Gééjì Orozali

Wọn ò tíì gun òkè Taldik dé ìdajì tí ọ̀rọ̀ gééjì fi sú Salkinay. Orozali àbúrò rẹ̀ ló ń wa ọkọ̀, òun náà ló ń sọ̀rọ̀, kò sì jẹ́ kí iṣẹ́ kan pa èkejì lára. Gééjì ọ̀hún wà nínú àpótí pupa kan tó gbé sórí ìjókòó iwájú, níbi tó yẹ kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jókòó sí. Salkinay, ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́ta, opó tó ń sin oyin jẹun, wà lẹ́yìn láàárín àpò búrẹ́dì àti páálí súìtì tí wọ́n ń gbé lọ fún àna. Kí wọ́n tó kúrò nílùú Osh, ó bi Orozali bóyá kò lè gbé àpótí náà sí búùtù. Orozali ní búùtù máa ń gbọ̀n, gééjì kò sì fẹ́ gbígbọ̀n.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ kí n là yín lóye," ó tún bẹ̀rẹ̀. "Ẹ́ńjìnnì ní ihò mẹ́rin. Nínú ihò kọ̀ọ̀kan, písítìn kan wà níbẹ̀ tó ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀. Èmi á tú pọ́lọ́ọ̀gì, màá ki gééjì bọ ojú ihò, wọ́n á yí sítátà, gééjì á sì sọ fún mi bí agbára ihò yẹn ṣe tó. Tó bá mú kílò mọ́kànlá, ó dáa. Tó bá mú mẹ́wàá, ká ṣáà máa rọ́jú. Tí kò bá ti tó mẹ́wàá, òkú ni. Ẹ máa palẹ̀ ẹ̀ mọ́."

"Tó bá jẹ́ ihò kan péré ló kéré ńkọ́?"

"Ẹ da ṣíbí epo kan sínú ẹ̀. Tí gééjì bá gòkè, ríǹgì ló ti jẹ. Tí kò bá gòkè, fáàfù ló jóná. Kò sí àrùn tó lè sá pamọ́ fún mi. Lọ́dún tó kọjá, ní pápá òkè, darandaran kan gbé ọkọ̀ ẹ̀ wá. Mo ki gééjì bọ̀ ọ́. Mẹ́jọ! Mẹ́jọ, ẹ̀gbọ́n mi! Mo ní kó yáa tà á fún àwọn tó ń ra àlòkù irin. Ó sì tà á. Títí dòní ló ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi."

"Kí ló wá ń gùn báyìí?"

"Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ni," Orozali dáhùn. "Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ò ní ríǹgì." Ó rẹ́rìn-ín títí ọkọ̀ fi fẹ́ẹ̀ gba inú kòtò lọ.

Salkinay ò rẹ́rìn-ín. Ọkọ rẹ̀ tó kú fi ọdún mẹ́tàlélógún wa ọkọ̀ akẹ́rù, etí rẹ̀ kò ṣàjèjì sí ẹ́ńjìnnì. Ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ bá Orozali jiyàn? Ṣọ́ọ̀bù mẹ́káníìkì rẹ̀ wà lẹ́bàá ọjà sípéàpáàtì ní Osh, àwọn aládùúgbò rẹ̀ sì máa ń sọ pé ẹ́ńjìnnì tí Orozali kò bá tíì pa, kò tíì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni. Ó ti fi gééjì pa ọkọ̀ lémọ́mù. Ó pa tírákítọ̀ àwọn olóko òwú. Ẹnì kan ń ti alùpùpù rẹ̀ kọjá lọ jẹ́jẹ́, epo ló tán nínú rẹ̀, Orozali dá a dúró, ó pa òun náà. Bí èèyàn bá ní ọkọ̀ òun ṣì ń rìn dáadáa, Orozali á ní òkú mìíràn wà tó máa ń rìn díẹ̀ kó tó mọ̀ pé òun ti kú.

Bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ ọjọ́ náà kì í ṣe ti gééjì rárá. Ọ̀rọ̀ Perizat ni, ọmọ kan ṣoṣo tí Salkinay bí, ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, tíṣà iléèwé. Ó ti tó ọdún méjì tí òun àti Esen, ọmọ Turdakun ará Sari-Tash, abúlé orí òkè tí wọ́n ń lọ yìí, ti ń fẹ́ra. Turdakun ti dárúkọ ohun ìdána: abo ẹṣin kan pẹ̀lú ọmọ rẹ̀, àgùntàn mẹ́wàá, àti ọkọ̀ Niva funfun tó ti ń wà bọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Ọkọ̀ náà ni Salkinay fẹ́ jù, torí láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú, ọdọọdún ló ń bẹ èèyàn kó tó rí ẹni bá a gbé ilé oyin rẹ̀ lọ sórí òkè nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Gbogbo nǹkan ti parí. Ohun kan ló kù: kí àgbà ọkùnrin ilé ìyàwó jẹun nílé ọkọ, kó la àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì, kó súre. Bí ó bá dìde nídìí oúnjẹ láìsúre, kò sí ìgbéyàwó mọ́, ẹni tó bá rí àwọn ẹbí méjèèjì lọ́nà kò tún gbọdọ̀ bi wọ́n léèrè. Àgbà ọkùnrin tó kù nílé Salkinay ni Orozali. Ìre ọmọ rẹ̀ wà lẹ́nu ẹni tó gbé àpótí síwájú, tó gbé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sẹ́yìn.

Nígbà tí wọ́n dé Sari-Tash, afẹ́fẹ́ tútù fẹ́ wọn lójú, àwọn òkè oníyìnyín sì dúró lọ́ọ̀ọ́kán bí wọ́n ṣe máa ń dúró. Turdakun, Burul ìyàwó rẹ̀ àti Esen jáde wá pàdé wọn. Ọkùnrin gíga, tẹ́ẹ́rẹ́, ni Turdakun. Ọdún márùndínlógójì ló fi wa ọkọ̀ gba ojú ọ̀nà yẹn, ẹnu rẹ̀ kò sì fi bẹ́ẹ̀ mọ ọ̀rọ̀ sọ. Láti ìdí ọkọ̀ sí ẹnu ọ̀nà ilé kò ju ogún ìṣísẹ̀ lọ. Orozali dúró lẹ́ẹ̀mejì lójú ọ̀nà, ó ní òun ń wo òkè. Salkinay mọ̀ pé èémí ló ń wá.

Wọ́n jókòó yí aṣọ oúnjẹ tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀ ká. Burul bu tíì fún wọn. Omi ṣẹ̀ṣẹ̀ hó lórí iná ni, ó ń yọ èéfín gùlẹ̀gùlẹ̀, síbẹ̀ Salkinay gbé e mu lẹ́ẹ̀kan náà, kò jó o lẹ́nu. Burul ní kí wọ́n má bínú, láti ìdájí ni ẹran ti wà lórí iná, kò tètè rọ̀. Nígbà tó rọ̀, wọ́n gbé orí àgùntàn síwájú Orozali gẹ́gẹ́ bí àgbà àlejò. Ó mú ọ̀bẹ, ó gé etí kan, ó nà án sí Esen.

"Gbà, ọmọ mi. Àgbà ló ń gé etí fún ọmọdé, kó lè mọ bí a ṣe ń gbọ́rọ̀ sí àgbà lẹ́nu. Mo sì rí i pé ẹ̀yin ará òkè nílò etí gan-an. Atẹ́gùn ibí yìí ti gbọ́n nǹkan kúrò lágbárí yín."

Esen fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, ó dúpẹ́, ó jẹ ẹ́. Ọmọkùnrin tó ń wa ọkọ̀ èrò gun òkè Taldik nínú yìnyín, tí èèyàn mẹ́rìnlá ń fi ẹ̀mí wọn lé lọ́wọ́ lójoojúmọ́ ni. Ìtìjú bo Salkinay, ó ń wo inú ife tíì rẹ̀ bí ẹni pé nǹkan já sínú rẹ̀.

Orozali nu ọ̀bẹ, ó dìde.

"Níbo lò ń lọ?" Salkinay bi í. "Ẹran wà nílẹ̀."

"Kí n tó súre, ẹ jẹ́ kí n wo eyín ẹṣin tí wọ́n fẹ́ fi fún wa. Kí wọ́n má lọ fi òkú fẹ́ alààyè."

Ẹnikẹ́ni kì í dìde nídìí orí àgùntàn bẹ́ẹ̀. Burul wo ọkọ rẹ̀, ọkọ rẹ̀ wo ilẹ̀. Níkẹyìn Burul fi aṣọ bo ẹran náà, gbogbo wọn sì tẹ̀ lé Orozali àti àpótí pupa rẹ̀ lọ sídìí Niva bí ìgbà tí wọ́n ń sin dókítà lọ bá aláìsàn.

Kí á sọ tòótọ́, ó mọ ọwọ́ iṣẹ́ náà. Ó jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì Niva gbóná dáadáa, ó tú pọ́lọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó ní kí Esen wọnú ọkọ̀, kó tẹ tọ́tù mọ́lẹ̀ bí ẹni fẹ́ sáré, kó wá yí sítátà. Ìyàtọ̀ wà láàárín ẹni tó mọ bí a ṣe ń wọn nǹkan àti ẹni tó mọ ohun tí ìwọ̀n sọ, ibẹ̀ ni ìṣòro Orozali wà. Sítátà ké. Abẹ́rẹ́ gééjì gòkè, ó dúró.

"Mẹ́jọ àbọ̀," Orozali kéde. Ó lọ sí ìkejì. "Mẹ́jọ àbọ̀." Ìkẹta, "Mẹ́jọ! Ẹ ṣáà ń gbọ́?" Ìkẹrin, "Mẹ́jọ àbọ̀. Hà! Innà lillàhi."

Ó fi ọwọ́ lé orí ọkọ̀ náà, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"Àna mi Turdakun, ẹ ṣé o. Ẹ ṣé gan-an ni. Ẹ rí opó, ẹ rí ọmọ aláìníbaba, ẹ wá wẹ òkú, ẹ kùn ún ní funfun, ẹ ní ẹ fi ń fẹ́yàwó."

"Ọkọ̀ yìí gun òkè lánàá, Bàbá," Esen sọ láti inú ọkọ̀. "Èèyàn márùn-ún ló wà nínú ẹ̀."

"Mo fún ọ ní etí, n ò fún ọ ní ẹnu."

Turdakun wúkọ́ díẹ̀. "Àna mi, ẹ má bínú. Ibí yìí ga. Afẹ́fẹ́ ò pọ̀ níbí. Ohun tí ẹ́ńjìnnì bá rí fà náà ni…"

"Afẹ́fẹ́ ò pọ̀!" Orozali pàtẹ́wọ́. "Ẹ gbọ́ o! Afẹ́fẹ́ ti di ìyẹ̀fun, ó lè tán nílé! Ṣé kí n bá yín ra àpò kan wá láti Osh nígbà tí mo bá tún ń bọ̀? Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ gbé báàgì yín. Èmi ò lè la ọwọ́ mi sórí ẹ̀tàn. Ọmọ wa kì í ṣe àlòkù irin."

 Àlejò ni Orozali, onílé kì í sì í dójú ti àlejò ní ìlú yẹn, bí àlejò náà tilẹ̀ ń gun orí ilé. Turdakun kàn ń rọra fi ìka ti ìdérí ẹ́ńjìnnì náà, bí ẹni tó ń bẹ̀ ẹ́ pé kó má bínú. Fóònù gbọ̀n lápò Salkinay. Kò nílò kó wò ó kó tó mọ̀ pé Perizat ni. Ó yọ ọ́ síbẹ̀síbẹ̀, ó rí ọ̀rọ̀ tí ọmọ náà tẹ̀ ránṣẹ́: "Mọ́mì, ṣé wọ́n ti súre?"

Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó dá a padà sápò. Ẹ̀rù kọ́kọ́ bà á. Ọdún mẹ́fà tí ọkọ rẹ̀ ti kú ló ti ń fọwọ́ pa Orozali lórí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, torí òun nìkan lọ́kùnrin, torí wọ́n ní obìnrin tí kò ní ọkùnrin lẹ́yìn kò lẹ́nu láwùjọ. Ó wo àbúrò rẹ̀ níbi tó fara ti ọkọ̀ àwọn àna wọn, tí ètè rẹ̀ ti ń dúdú, tí àyà rẹ̀ ń lọ sókè sódò. Ẹni tí kò rí èémí mí ló ń bú ẹ́ńjìnnì pé kò ní èémí! Ó rántí tíì tó hó tí kò jóni, torí níbi tí afẹ́fẹ́ kò bá pọ̀, omi máa ń hó kó tó gbóná dáadáa. Ó rántí ẹran tó ti wà lórí iná láti ìdájí. Gbogbo nǹkan ilé yẹn ló ti ń sọ fún Orozali pé ibí kì í ṣe Osh, àfi kí ẹnì kan tún ki gééjì bọ̀ ọ́ létí. Ọmọ tí kò dé oko bàbá ẹlòmíràn rí, á ní kò sí oko tó tó ti bàbá òun.

Ohun mìíràn tún wà. Láti Gülchö, ìlú tí wọ́n gbà kọjá, ni ìdí rẹ̀ ti ń gbọ̀n lórí ìjókòó ẹ̀yìn nígbàkigbà tí ọkọ̀ bá dúró. Ó ti rò pé egungun arúgbó ni.

"Orozali," ó pè é. "Wọn tìẹ."

"Kí ni?"

"Ọkọ̀ ẹ. Tú pọ́lọ́ọ̀gì ẹ̀. Wọ̀n ọ́n."

"Tèmi kẹ̀?" Ẹ̀rín pa Orozali. "Ẹ̀gbọ́n mi, ọkọ̀ Jámánì nìyẹn. Ọkọ̀ tó gbé yín gun Taldik bí ẹyẹ!"

"Ẹyẹ tó ń gbọ̀n ni. Wọ̀n ọ́n."

"Ẹran ti ń tutù o."

"Ìwọ lo jẹ́ kó tutù. Mo ní wọ̀n ọ́n, Orozali! Àbí ẹni tó fẹ́ dá aṣọ fún wa kò fẹ́ ká wo ọrùn òun?"

Ó ti pẹ́ gan-an tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti pariwo mọ́ ọn báyìí. Bóyá láti ìgbà tó ti wà ní kékeré tó ń jí oyin. Ó gbé gééjì, ó ń ráhùn lọ. Ó tú pọ́lọ́ọ̀gì ọkọ̀ dúdú rẹ̀. Esen wọ inú rẹ̀, ó tẹ tọ́tù mọ́lẹ̀, ó yí sítátà. Abẹ́rẹ́ gòkè, ó dúró. Orozali kò kéde nǹkan kan.

"Mélòó?" Salkinay bi í.

"Òtútù ti mú gééjì."

"Mélòó ni òtútù ní?"

Turdakun ò fẹ́ wò, ṣùgbọ́n ojú èèyàn ló máa ń wò fúnra rẹ̀. Mẹ́jọ àbọ̀ ni. Mẹ́jọ àbọ̀ tó pa Niva gan-an. Salkinay rántí darandaran orí òkè, ọkùnrin tó ta ọkọ̀ tó ń rìn fún àwọn tó ń ra àlòkù irin, tó sì ń gun kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ kiri báyìí tó ń dúpẹ́. 

"Lọ sí ìkejì."

Ìkejì mú mẹ́jọ àbọ̀. Nígbà tí ó kan ìkẹta, sítátà ké títí, abẹ́rẹ́ gòkè díẹ̀, ó ronú, ó dúró sórí márùn-ún. Orozali yọ gééjì, ó gbọ̀n ọ́n, ó tún ki í bọ̀ ọ́. Márùn-ún. Burul yára fi ìborí bo ẹnu, ó ní eruku kó sí òun lọ́fun. Eruku kankan ò sí níbẹ̀.

Esen sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀. Ó kúnlẹ̀ díẹ̀ bí ọmọ dáadáa, ohùn rẹ̀ rọ̀ bí ọ̀rá ìdí àgùntàn.

"Bàbá, ṣé kí n bá yín mú ṣíbí epo kan wá?"

 Esen mú un wá, ó sì da epo sínú ihò kẹta. Wọ́n tún yí sítátà. Márùn-ún náà ni, kò gbéra. Ẹ́ńjìnnì kan ò tíì ṣègbọràn sí ẹ̀kọ́ Orozali bí èyí rí.

"Fáàfù ló jóná," Salkinay sọ. "Ìwọ lo kọ́ mi. Àárọ̀ yìí lo kọ́ mi, o sì gba owó ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ ìdí mi láti Osh débí."

"Àna mi," Turdakun sọ pẹ̀lú ìtìjú, bí ẹni pé òun ló jó fáàfù náà. "Bí ẹ bá gbé tèmi sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Osh, á mú mọ́kànlá. Èmi kì í wo bó ṣe ga tó níbí. Bóyá àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dọ́gba ni mo máa ń wò. Tí wọ́n bá dọ́gba bí ọmọ ìyá, ọkàn mi balẹ̀. Tí ọ̀kan bá yà kúrò lára wọn, òun ni n ó máa bá wí." Ó ronú díẹ̀. "Èyí tó yà yìí, ẹ má gbé e gun òkè lónìí. Mo ní fáàfù nílé. Màá bá yín fi sí i kó tó di ọjọ́ Sátidé."

Ohun tó dun Orozali jù lọ nìyẹn. Bí wọ́n bá fi í ṣe yẹ̀yẹ́, ì bá jà.

Wọ́n padà sídìí oúnjẹ. Burul bu omi ẹran gbígbóná sórí ẹran náà. Orí àgùntàn ṣì wà níwájú Orozali, etí kan lára rẹ̀, ojú rẹ̀ kan ń wò ó. Orozali mú ẹran ìdí ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó ní kí wọ́n máa jẹun, ọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnnì kì í tán, onírúurú gééjì ló wà. 

Salkinay na ọwọ́, ó mú ọ̀bẹ níwájú àbúrò rẹ̀. Obìnrin kì í fọwọ́ kan orí tí wọ́n gbé fún ọkùnrin. Ó fọwọ́ kàn án. Ó di etí tó kù mú, ó gé e láti ìdí, ó rọra gbé e lé inú abọ́ Orozali.

"Orí kan, etí méjì," ó ní. "Ọ̀kan ti lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ti mọ bí a ṣe ń gbọ́rọ̀. Jẹ ìkejì."

"Ẹ̀gbọ́n mi…"

"Jẹ ẹ́, àbúrò mi."

Orozali wo Turdakun, Turdakun ń wo fèrèsé. Ó wo Burul, Burul ń ka búrẹ́dì. Ó fi etí náà sẹ́nu. Etí àgùntàn kì í ṣe ẹran jíjẹ wàràwàrà. Gbogbo ilé ló gbọ́ bó ṣe ń rún un, ó sì pẹ́ lẹ́nu rẹ̀. Nígbà tó gbé e mì, Salkinay la àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì síwájú.

"Ó yá, súre fún ọmọ rẹ. Tó bá rẹ̀ ọ́, màá ṣe é."

Orozali súre. Ó gbàdúrà pé kí wọ́n dàgbà, kí wọ́n pọ̀, kí iná ilé wọn má kú, ó sì ń dúró mí láàárín ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Gbogbo wọn fi ọwọ́ pa ojú. Salkinay jáde sẹ́yìn ilé, ó pe Perizat, ó sunkún díẹ̀, ó bú u pé kí ló dé tó ń tẹ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí èèyàn lásìkò oúnjẹ.

Niva ni Esen fi gbé wọn padà sí Osh nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Salkinay jókòó níwájú. Orozali wà lẹ́yìn láàárín àpò wàrà gbígbẹ tí wọ́n ń pè ní kúrúùtù àti itan àgùntàn tí Burul dì fún wọn, àpótí pupa lórí itan rẹ̀. Ọkọ̀ náà gun Taldik láìwúkọ́, ó sọ̀ kalẹ̀ lódìkejì. Nígbà tí wọ́n kọjá Gülchö, tí afẹ́fẹ́ ti nípọn, tí èémí Orozali ti padà bọ̀ sípò, Salkinay gbọ́ tí ìdérí àpótí náà ṣí pẹ́nrẹ́n lẹ́yìn òun.

Kò yíjú padà.

"Pa á dé," ó ní.

Orozali pa á dé.